Ọjọ́ Mẹ́sàn-án ní Mẹ́líbọ̀n

Ìwé pélébé tí mo rà ní pápákọ̀ òfurufú
ní kí n wo ilé gogoro, kí n wo odò, kí n wo ọgbà.
Kò sọ fún mi pé òjò, oòrùn, òtútù àti ẹ̀fúùfù
lè jọ dé kí ọ̀sán tó pọ́n,
bí àlejò mẹ́rin tí ò sọ fúnra wọn pé àwọn ń bọ̀.
Mo wọ súẹ́tà, mo bọ́ ọ, mo tún wọ̀ ọ́.
Ọmọdé kan nínú tíráàmù ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Nínú tíráàmù yẹn,
obìnrin kan ń fi èdè Ṣáínà bá fóònù jà,
ọ̀dọ́mọkùnrin Síìkì tó wé láwàní aláwọ̀ aró
ń kàwé ìdánwò, ètè rẹ̀ ń mì,
bàbá arúgbó ará Sòmálíà sùn fọnfọn,
ó ki àpò búrẹ́dì sáàárín ẹsẹ̀.
Kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo lo ti wá.
Ó dùn mọ́ mi fún ọjọ́ méjì.
Lọ́jọ́ kẹta, mo fẹ́ kẹ́nìkan bi mí.

Dẹspína ló bi mí.
Ìyá onílé ni, ọmọ Gíríìkì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin,
tó ń bá igi ólífì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sọ̀rọ̀
ju bó ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.
“Ta lo fi sílẹ̀ nílé?”
Mo dárúkọ wọn. Ó pè wọ́n tẹ̀lé mi, ó ṣì wọ́n pè,
ó bu ẹ̀wà kún ẹ̀wà mi.

Thuận, ará Fẹtinámù tó ń ta búrẹ́dì ẹlẹ́ran,
bi mí bóyá ata ti tó.
Mo ní kó fi kún un. Ó fi kún un.
Mo ní kó tún fi kún un.
Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò mí.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bálárátì,
níbi tí ayé ti wá wa góòlù nígbà kan.
Mo bẹ̀rẹ̀ létí omi, mo ń gbọn páànù
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ohun tí mo rí kò tó ojú èèrà.
Ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri, ọmọ onílẹ̀ gan-an,
ní òkè tó wà níwájú wa ti lórúkọ
kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì débẹ̀.
Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu mi kò gbà á.
Nílé wa, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Àwọn tó dé tí wọ́n sọ òkè náà lórúkọ mìíràn,
ilé ta ni wọ́n wò?
Mo ní kó pè é lẹ́ẹ̀kẹta.

Lálẹ́ mo sọ fún Dẹspína pé mò ń lọ
sí erékùṣù tí ẹyẹ tí ò lè fò wà.
Ó ní, “Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta rèé tí mo ti ń gbébí.
N kò débẹ̀ rí.”
Nígbà tí mo jí, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
òun àti fúláàsì tíì.

Bẹ́ńṣì tutù. Òkun ń bú. Oòrùn wọ̀.
Nínú ìfófòó, ọ̀kan yọjú. Ó dúró. Ó padà.
Ọ̀kan tún yọjú. Méjì.
Wọ́n ń dúró de ara wọn
bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ sọdá títì.
Ìgbà tí wọ́n tó mẹ́wàá ni wọ́n tó gun yanrìn,
wọ́n ń mì lọ́tùn-ún, wọ́n ń mì lósì, wọ́n ń relé.
“Ọkọ̀ ojú omi ló gbé èmi náà dé,” ó ní. Kò wò mí.
“A pọ̀ ní èbúté. A dúró de ara wa.”
Ó wá fi èdè Gíríìkì sọ nǹkan kan
tí n kò gbọ́, n kò sì bi í.
Ẹyẹ kan gba abẹ́ bẹ́ńṣì wa kọjá,
ó ń kùn bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ jóná.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó sùn lé èjìká mi.
Àwọn ilé gogoro inú ìwé pélébé
tan iná kalẹ̀ dè wá. Mi ò kà wọ́n.
Ó jí, ó ní, “Fúláàsì mi dà?”
Ó wà létíkun.
“Ó dáa,” ó ní. “A ó padà lọ mú un.”